Mo pe wolé-wolé sí ilé ahoro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohun tójú mi rí rèé

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ́fíìsì tó ń rí sí bí àwọn onílé ṣe ń tọ́jú ilé ní ìlú tí mò ń gbé níbí ní Amẹ́ríkà ni mò ń sọ, code enforcement ni wọ́n kọ sára mọ́tò wọn, ṣùgbọ́n èmi àti ìyàwó mi, wolé-wolé là ń pè wọ́n, torí iṣẹ́ kan náà ni. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń bá wọn fà á, mo ti pè wọ́n, wọ́n ti wá, wọ́n ti kọ̀wé sí èmi náà, mo ti tẹ̀lé màmá kan lọ síwájú wọn, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ní ilé ahoro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tàbí tí lándílọ́ọ̀dù ẹ̀ kọ̀ tí kò tún ilé ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Ilé tó wà lápá òsì wa, ó ti tó ọdún méjì téèyàn ti gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Baba tó ni ín kú, àwọn ọmọ tà á, kọ́ńpìnì kan rà á, látìgbà yẹn a ò rí ẹsẹ̀ èèyàn níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, koríko ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ti dé mi ní ìbàdí, gọ́tà iwájú ti já lápá kan ó ń mì dirodiro, tí òjò bá ti rọ̀, gbogbo omi orí òrùlé náà, ara ògiri tiwa ló ń dà sí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa. Eku wá sọ ibẹ̀ di ilé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò gbà kó dá lọ gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì mọ́, àfi kí n dúró tì í.

Ni mo bá pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá níbí ló ń lo nọ́ńbà 311 fún irú nǹkan báyìí, Baltimore ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1996, New York gbé tiẹ̀ jáde lọ́dún 2003, tìlú tiwa náà ò yàtọ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ pè, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ lo ápù. Obìnrin tó gbé fóònù béèrè àdírẹ́ẹ̀sì ilé náà, ó béèrè ohun tí mo rí àti ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀, kò béèrè ìwé ìgbélùú mi, kò béèrè ibi tí mo ti wá, ó ní tí mi ò bá fẹ́ dárúkọ kò sí wàhálà. Ìṣẹ́jú méje la fi parí ẹ̀, ó fún mi ní nọ́ńbà tí màá fi máa tọpa ọ̀rọ̀ náà. Níbí yìí, mi ò rí nǹkan kan bá wọn wí. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tí ń fara da ìyà torí wọ́n rò pé téèyàn bá ti pe ìjọba, ìjọba á wá yẹ ìwé ìgbélùú òun fúnra òun wò. Wọn ò yẹ ìwé mi wò.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìnspẹ́kítọ̀ dé. Mo fẹ́ sọ ọjọ́ yẹn bó ṣe rí, torí ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí níyì tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Obìnrin ni, á tó ẹni àádọ́ta ọdún, bàtà òjò ló wọ̀, ó mú tépù tí káfíńtà fi ń wọn pákó dání. Ó kọ́kọ́ wo ilé náà láti ojú títì, ó wá kan ilẹ̀kùn wa, ó ní ṣé a lè gba òun láyè kí òun dúró sí àgbàlá wa, kí òun lè rí ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀. Mo ní kó máa bọ̀. Kò tẹ ẹsẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé yẹn rárá. Ó ki tépù gba àárín pákó fẹ́ǹsì, ó gbé e ti koríko náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ínṣì 41, ó ya fótò ẹ̀ pẹ̀lú tépù níbẹ̀ kí nọ́ńbà ara ẹ̀ lè hàn. Ó ya gọ́tà. Ó ya ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ lára ògiri wa, àwọ̀ ewé ti wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án, ó ní ó ti pẹ́. Ó padà sínú mọ́tò, ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó fi tẹ ìwé jáde, ìwé aláwọ̀ ọsàn, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn iwájú ilé náà, ó fi sẹ́lótéèpù gbá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá sún sẹ́yìn, ó tún ya fótò ìwé yẹn lára ilẹ̀kùn. Mo ní kí ló fẹ́ fi fótò ìwé tí òun fúnra ẹ̀ lẹ̀ ṣe. Ó ní tí àwọn bá dé iwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu onílé ni pé òun ò rí ìwé kankan.

Mo tún béèrè pé ṣé kò lè wọ inú ilé náà lọ wò ó ni, ṣebí kò séèyàn níbẹ̀. Ó ní òfin ò fún òun láyè. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, torí ó kan gbogbo àwa tá à ń gbé níbí: lọ́dún 1963 ní San Francisco, ìnspẹ́kítọ̀ fẹ́ wọ ibi tí ọkùnrin kan ń gbé, kò mú ìwé adájọ́ kankan dání, ọkùnrin náà kọ̀, wọ́n tún padà wá, ó tún kọ̀, wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án. Ẹjọ́ yẹn dé kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ Camara ni wọ́n ń pè é, nígbà tó di 1967 kóòtù ní ọkùnrin yẹn ló jàre, pé tí ẹni tó ń gbé inú ilé bá ti ní rárá, wolé-wolé gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́jọ péré ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1959, kóòtù yẹn kan náà ti sọ nínú ẹjọ́ ará Baltimore kan pé wolé-wolé tó ń wá eku kiri ò nílò ìwé adájọ́. Wọ́n yí i padà. Wọ́n kàn ní adájọ́ ò ní láti rí ẹ̀rí pé ilé yẹn gan-an ló bàjẹ́ kó tó fọwọ́ sí i, ó lè wo bí àdúgbò ṣe rí àti bí àwọn ilé ibẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Èmi fara mọ́ ọn pátápátá. Ilé ahoro yẹn ń dà mí láàmú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin tí ò jẹ́ kí wọ́n já wọ ibẹ̀, òun náà ni kò jẹ́ kí wọ́n já wọ ilé mi.

Ó fi ìwé òfin tó ń lò hàn mí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Mo rò pé àwọn kánsẹ́lọ̀ ìlú wa ló jókòó kọ ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ kan tó ń jẹ́ International Code Council ló ń kọ ọ́, International Property Maintenance Code lorúkọ ẹ̀, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe, ìlú tó bá fẹ́ á wá gbà á, á yọ èyí tí kò bá a lára mu, á fi tiẹ̀ kún un. Ibì kan wà nínú ẹ̀ tó yà mí lẹ́nu: níbi tí wọ́n ti sọ bí koríko ṣe lè ga tó, wọn ò kọ nọ́ńbà kankan síbẹ̀, àlàfo ni wọ́n fi sílẹ̀, kí ìlú kọ̀ọ̀kan fúnra ẹ̀ kọ iye ínṣì tó bá wù ú. Ìdí nìyẹn tí koríko tí ẹnikẹ́ni ò bi yín léèrè nílùú kan fi ń di ẹjọ́ tẹ́ ẹ bá sọdá títì bọ́ sí ìlú kejì. Tiwa, ínṣì 10 ni. Àwọn tó kù ti ní nọ́ńbà tiwọn: nọ́ńbà ara ilé ò gbọ́dọ̀ kéré sí ínṣì 4 ní gíga, kí àwọn panápaná àti áńbúláǹsì lè rí i láti ojú títì, ọ̀dà tó bá ń ṣí gbọ́dọ̀ di títún kùn, mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ tàbí tí kò níwèé ò gbọ́dọ̀ jókòó sí àgbàlá, ilé tẹ́ ẹ bá fi háyà gbọ́dọ̀ lè móoru dé digirì 68 Fahrenheit lásìkò òtútù, àtẹ̀gùn tó bá ti ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ ní irin tí èèyàn máa dì mú.

Àtẹ̀gùn iwájú ilé wa, márùn-ún ni. Kò ní irin.

Ó rí i. Ó ní òun ò lè máa ya fótò ilé ẹlòmíì kí òun wá di ojú sí tèmi, ọgbọ̀n ọjọ́ ló fún mi. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́, èmi tí mo pè wọ́n fún ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n tún kọ̀wé sí, ìyàwó mi ló ní kí n fara balẹ̀. Mo pe wẹ́dà, ó ṣe é, ìnspẹ́kítọ̀ padà wá, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ mi irin náà tìtì kó tó fi máàkì síwèé pé ó ti dáa. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ìyá ìyàwó mi wá bẹ̀ wá wò, yìnyín ti bo àtẹ̀gùn, mo wà lókè mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí ìgbésẹ̀ kẹta, irin yẹn ni wọ́n dì mú. Látọjọ́ náà mi ò sọ̀rọ̀ irin mọ́.

Ó dáa, ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ kúrò rèé.

Lọ́jọ́ kejì tí ìnspẹ́kítọ̀ lẹ ìwé, mo ṣí ápù, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti pa ẹjọ́ náà dé, wọ́n kọ ọ́ ní àwọ̀ ewé pé ó ti parí. Koríko ínṣì 41 ṣì wà níwájú mi. Mo rò pé wọ́n ti dalẹ̀ mi. Mo pè, ẹni àkọ́kọ́ ò mọ ohun tí mò ń sọ, ẹnì kejì ló wá ṣàlàyé pé lójú 311, ìnspẹ́kítọ̀ ti dé ibẹ̀, ó ti kọ̀wé, nítorí náà ìbéèrè tèmi ti parí, ẹjọ́ gan-an ti bọ́ sínú fáìlì mìíràn tó ní nọ́ńbà mìíràn, nọ́ńbà tí ápù ò fi han ará ìlú. Ẹ bá mi rò ó. Èèyàn mélòó ló máa rí "ó ti parí" yẹn, tí á sọ pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan, tí kò sì ní pè mọ́ láéláé? Àṣìṣe tí wọ́n lè tún ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, kí wọ́n kàn kọ síbẹ̀ pé a ti kọ̀wé sí onílé, ọjọ́ báyìí la máa padà wá wò ó. Gbólóhùn kan péré.

Ìwé ọsàn yẹn fún onílé ní ọjọ́ mẹ́wàá láti gé koríko. Ọjọ́ mẹ́wàá pé, ẹnikẹ́ni ò wá, onílé ò wá, ìlú náà ò wá. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n tó padà wá wò ó, lẹ́yìn tí mo ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn ó yá kánkán, àwọn tí ìlú gbé iṣẹ́ fún wá gé gbogbo ẹ̀ láàárín wákàtí kan, wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé ìsàlẹ̀, wọ́n lọ. Owó iṣẹ́ yẹn, ọ̀dọ̀ onílé ló ń lọ, tí kò bá san án, á di gbèsè tó so mọ́ ilé fúnra ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tà á lọ́la á kọ́kọ́ san án. Mo fẹ́ràn èyí, kò dá lórí pé kí ọkàn onílé rọ̀.

Ṣùgbọ́n gọ́tà ńkọ́? Gọ́tà ni wàhálà mi gan-an. Wọ́n ní gígé koríko ni àwọn lè fúnra àwọn ṣe kíá, ohun tó bá ti jẹ́ ara ilé, àfi kí onílé kọ́kọ́ dé iwájú ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Àdírẹ́ẹ̀sì tí kọ́ńpìnì yẹn sì fi sílẹ̀, àpótí lẹ́tà ni, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, lẹ́tà àkọ́kọ́ padà wá, ìkejì ò padà wá ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò fèsì. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún sún un. Òjò ń rọ̀. Mo ti ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Pákó tí wọ́n kàn mọ́ fèrèsé yẹn náà, mi ò dúpẹ́ ẹ̀ tán. Ó ń dí òjò lọ́wọ́, ó ń dí àwọn ọmọ àdúgbò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá ti mọ̀ láti ọ̀ọ́kán pé kò séèyàn níbẹ̀. Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú irú onílé báyìí ní 2011, wọ́n ní pákó ò tó, kó fi ojúlówó ilẹ̀kùn àti ojúlówó fèrèsé síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 300 dọ́là lójúmọ́ lórí ojú fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tí kò bá ṣe. Lórí ojú kọ̀ọ̀kan o. Ilé ẹ̀gbẹ́ wa ní fèrèsé mọ́kànlá, mo ti kà á. Tí irú òfin yẹn bá wà nílùú tiwa, kọ́ńpìnì yẹn ì bá ti rántí ọ̀nà ilé yìí.

Èyí tó dùn mí jù lọ wá rèé. Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́, tí wọn ò rí kọ́ńpìnì mú, wọ́n rí Màmá tó ń gbé lódìkejì títì mú. Màmá yìí ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọkọ wọn ti kú, àwọn nìkan ló ń gbé ilé, ọ̀dà iwájú ilé wọn ń ṣí ní pele pele. Ẹnì kan tí ò dárúkọ ló fẹjọ́ wọn sùn, mi ò mọ ẹni náà títí dòní, Florida ti fòfin dè é láti 2021 pé ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn gbọ́dọ̀ dárúkọ kó sì fi àdírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ohun tó lè ṣèèyàn léṣe lójú ẹsẹ̀, ní tiwa ẹnu lásán ti tó. Mi ò tíì mọ èyí tó dáa jù nínú méjèèjì, torí ayálégbé tó ń bẹ̀rù lándílọ́ọ̀dù nílò ibi tó ti lè sọ̀rọ̀ láì dárúkọ. Lọ́rọ̀ kan, lẹ́tà dé bá Màmá, ojú ìwé mẹ́rin, ojú ìwé kìíní nọ́ńbà òfin, ojú ìwé kejì owó ìtanràn tí á máa gorí ara ẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Wọ́n pè mí. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, lẹ́tà yẹn wà lórí tábìlì, awò ojú wọn wà lórí ẹ̀, wọn ò tíì jẹun àárọ̀. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ mi ni?"

Mi ò lè sọ fún wọn pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ní Dunedin ní Florida, owó ìtanràn koríko ga títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 dọ́là lórí ọkùnrin kan, 500 lójúmọ́, nígbà tó lọ bójú tó ogún ìyá ẹ̀ tó kú, ìlú sì fẹ́ gba ilé ẹ̀ tìtorí ẹ̀. Ní Ferguson ní Missouri, ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2015 rí i pé wọ́n ti bu 531 dọ́là lé ẹnì kan lórí koríko tó ga, owó tí ìlú máa rí ló wà lọ́kàn wọn. Pagedale, ní ìpínlẹ̀ yẹn náà, àwọn ará ìlú gbé ìjọba ìlú lọ sí kóòtù lọ́dún 2015 lórí irú ìtanràn báyìí, ó di 2018 kí wọ́n tó dé àdéhùn tí adájọ́ fọwọ́ sí pé kí ìlú jáwọ́. Lóòótọ́ kóòtù tó ga jù ti sọ ní 2019, nínú ẹjọ́ Timbs, pé òfin tí kò fàyè gba ìtanràn àpọ̀jù mú ìjọba ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe ti àpapọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n màmá àgbà tó ń wo lẹ́tà lórí tábìlì ò ní lọ́yà.

A jọ ka lẹ́tà náà dé òpin. Ojú ìwé kẹrin, ìlà tó gbẹ̀yìn, lẹ́tà wínníwínní, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé onílé lè bẹ̀bẹ̀ fún àkókò sí i, àti pé owó ìrànlọ́wọ́ wà fún àgbàlagbà tí kò ní agbára àtitún ilé ṣe. Ìlà tó gbẹ̀yìn! Mo tẹ̀lé wọn lọ. Yàrá kékeré ni, ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú wọn, ó ní kí wọ́n jókòó, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń gbé, ó fún wọn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́, ó fọwọ́ ara ẹ̀ bá wọn kún fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́. Ìnspẹ́kítọ̀ tiwa yẹn náà wà níbẹ̀, òun ló rán wa létí pé ilé náà ti wà ṣáájú 1978, ọdún tí Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà tó ní òjé (lead, irin olóró kan) nínú fún ilé gbígbé, pé kí ẹnikẹ́ni má lọ fi yanrìn pépà ha á ní gbígbẹ. Owó ìrànlọ́wọ́ pẹ́ kó tó jáde, kò sì tó, ó gbé òṣìṣẹ́ tó gbàwé ẹ̀rí lórí ọ̀dà olójé wá fún apá tó burú jù, èmi àti àwọn méjì ládùúgbò kun ìyókù. Mo rí bí òṣìṣẹ́ yẹn ṣe ṣe é: ó tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ dé ibi tí òdòdó Màmá wà, ó wọn omi sí ọ̀dà kó tó ha á, ó ń ká èyí tó bá já sínú ọ̀rá mìíràn, ó dì í pinpin. Ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ilé tó ń da omi sínú ilé èèyàn, ẹnikẹ́ni ò tíì san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ilé tí ọ̀dà ẹ̀ ń ṣí, ẹni tó ni ín ò sun oorun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe pé ìnspẹ́kítọ̀ kórìíra Màmá. Orúkọ Màmá ló wà lára ilẹ̀kùn, Màmá ló máa ń wà nílé tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ẹni tó rọrùn láti rí ni òfin máa ń kọ́kọ́ bà. Ohun tí mo fẹ́ kí ọ́fíìsì yìí gbọ́ lọ́wọ́ mi ju gbogbo ẹ̀ lọ nìyí, kí wọ́n kó agbára wọn lé ẹni tó sá pamọ́, kí wọ́n sì mú ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé ilé ẹ̀.

Ohun kejì ni pé àwọn ń dúró de ẹni tó máa pè. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbé ilé háyà, ìgbà òtútù tó kọjá wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ohun tó ń mú ilé móoru, ààrò tí wọ́n fi ń dáná ni wọ́n ń ṣí sílẹ̀ kí àwọn ọmọ lè yá. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ pè wọ́n. Wọ́n ní, "Àbúrò, bí mo bá pè, lándílọ́ọ̀dù á mọ̀ pé èmi ni, ṣé ilé rẹ ni màá kó ẹrù mi wá?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìlú mìíràn ò dúró de irú ẹ̀gbọ́n yẹn. Los Angeles ti ń lọ káàkiri fúnra wọn láti 1998, ilé háyà tó bá ti gba ìdílé méjì sókè, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnì kan fẹjọ́ sùn o, ẹnikẹ́ni ò fẹjọ́ sùn o. Rochester ní ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin ní 2005 tó fi yíyẹ ọ̀dà olójé wò kún àyẹ̀wò ilé háyà àtijọ́. Lándílọ́ọ̀dù ò lè bínú sí ayálégbé kankan níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó pè.

Tí àwọn èèyàn bá sì pè náà, ẹ tò ó bó ṣe léwu tó. Ní New York City, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ẹ̀ṣẹ̀ ilé háyà sí, A, B, C: A tí kò léwu, onílé ní ọjọ́ 90 láti tún un ṣe, B tó léwu, ọjọ́ 30, C tó léwu lójú ẹsẹ̀, irú ilé tí kò móoru, wákàtí 24 fún ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, tí onílé bá sì kọ̀ ìlú lè tún un ṣe kí wọ́n fi owó ẹ̀ sí i lọ́rùn. Ní tiwa, koríko mi àti òtútù tó ń pa ọmọ ẹlòmíì, orí ìlà kan náà ni wọ́n tò sí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn tó fún koríko. Ṣé ó tó fún òtútù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa pè wọ́n, ẹ ya fótò láti ojú títì tàbí àgbàlá tiyín, kí ọjọ́ hàn lára ẹ̀, ẹ má wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé ilé náà dọ̀tí, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí: gọ́tà ti já, omi ń wọlé, eku ń jáde. Tí ápù bá ti kọ ọ́ pé ó ti parí, ẹ pè, ẹ béèrè nọ́ńbà fáìlì kejì, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú wọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n kọ̀wé sí, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tó rí aṣojú kọ́ńpìnì yẹn, lọ́yà kan ló wá, ó gbà níwájú ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ pé àwọn máa tún gọ́tà ṣe, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fún un. Mo bi ìnspẹ́kítọ̀ wa léèrè pé ṣé ó máa wá wò ó lọ́jọ́ tó bá pé, ó yọ fóònù, ó kọ ọjọ́ náà síbẹ̀ lójú mi, ó ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Tó bá wá, tí gọ́tà yẹn sì ti wà nípò ẹ̀, màá padà wá síbí láti fi ìràwọ̀ kẹrin kún un.